Ilé Ìwòran Bọ́ọ̀lù Kan ní Ọ̀ffà, Níbi tí Gbogbo Líìgì England Wà Lára Ògiri

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kò wọ́n ní Ọ̀ffà. Láti Ọjà Owódé títí dé agbègbè Federal Polytechnic, ènìyàn kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí pátákó dúdú tí wọ́n fi ẹfun kọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ náà sí lẹ́nu ọ̀nà, Arsenal lápá kan, Chelsea lápá kejì. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wà lójú ọ̀nà tí ó lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Ọjọ́ Sátidé méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti wọ ibẹ̀ kí n tó kọ nǹkan wọ̀nyí, nítorí pé ohun tí wọ́n ń fi hàn lọ́jọ́ Sátidé kò sí níbòmíràn tí mo mọ̀: bọ́ọ̀lù àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ ìpele mẹ́rin òkè, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń pè ní non-league. ₦300 ni owó ìwọlé fún àgbà, ₦150 fún ọmọ ilé-ìwé.

Ògiri ni ojú kọ́kọ́ máa ń bá. Onílé náà ya gbogbo líìgì England sára ògiri ọwọ́ ọ̀tún, láti abẹ́ àjà títí dé ilẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dà funfun àti ọ̀dà pupa. Àpótí kan ṣoṣo ló wà lókè pátápátá, Premier League, ẹgbẹ́ 20. Championship, League One àti League Two tẹ̀lé e, àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ 24 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpele karùn-ún, níbi tí non-league ti bẹ̀rẹ̀, ṣì jẹ́ àpótí kan ṣoṣo tí ó gba ẹgbẹ́ 24. Ìpele kẹfà pín sí méjì, Àríwá àti Gúúsù. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ni àpótí ti ń pọ̀ sí i, títí tí wọ́n fi gba gbogbo ìbú ògiri. Ẹni tí ó bá ti rí àwòrán òkìtì ẹ̀pà tí wọ́n máa ń tò ní Kano láyé àtijọ́ yóò mọ bí ó ṣe rí. Ọfà kéékèèké ń lọ sókè, òmíràn ń bọ̀ nísàlẹ̀, láti àpótí dé àpótí, kò sì sí àpótí kankan tí ọfà kò kàn. Àwọn tí kò bá rí ibi jókòó máa ń fẹ̀yìn ti ògiri náà, nítorí náà ẹ̀wù wọn ti ha ọ̀dà àwọn ìpele ìsàlẹ̀ kúrò. Mo ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó lè ka orúkọ Combined Counties League.

Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, onílé a dìde, a yọ pákò lẹ́nu, a fi í nàka sí ògiri, a sì ṣe àlàyé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí àlàyé yìí ni mo ṣe ń gba ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n tètè dé. Ó ní àkàbà líìgì náà kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Southern League ti wà láti ọdún 1894, Isthmian League láti 1905, Northern Premier League láti 1968, olúkúlùkù ń ṣe ìjọba tirẹ̀, kò sí èyí tí ó ṣí ilẹ̀kùn sí òkè fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ wọ Football League, ìyẹn ìpele mẹ́rin òkè nígbà náà, àfi kí ó lọ tọrọ ìbò lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí yóò dìde kí àlejò tó lè jókòó, ọ̀rẹ́ àwọn tí ń dìbò náà ni. Wimbledon rí ìbò gbà ní 1977, Wigan Athletic ní 1978. Ní 1979 ni wọ́n kó ẹgbẹ́ 20 jọ láti inú Southern League àti Northern Premier, tí wọ́n sì dá Alliance Premier League sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpele karùn-ún, kí orí non-league lè di ọ̀kan ṣoṣo. Altrincham ló gbà á lọ́dún àkọ́kọ́. Ìbò kan ṣoṣo ni ó fi pàdánù ààyè fún Rochdale, ẹgbẹ́ tí ó ṣe ìkẹyìn pátápátá ní Fourth Division, ìpele kẹrin, ní sáà yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí onílé bá dé ibẹ̀, ilé máa ń dákẹ́.

Ó di òpin sáà 1986-87 kí ọ̀rọ̀ ìbò tó kásẹ̀ nílẹ̀. Scarborough gòkè ní tààrà, Lincoln City já wálẹ̀. Ní ọdún kan péré, Lincoln gba líìgì ìsàlẹ̀ náà, ó sì padà sí ibi tí ó ti wá.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún, mo gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àdúgbò kan ní Ìlọrin. A gba ife ìdíje kan tí ẹgbẹ́ 16 kópa nínú rẹ̀. Wọ́n fún wa ní òbúkọ kan, ìdì jẹ́sì kan àti ọwọ́ mẹ́tàdínlógún láti bọ̀. A pa òbúkọ náà jẹ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún àná náà ni a tún ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ife náà kò ní ọfà kankan lórí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa bi àwọn tí ó ṣètò ìdíje náà pé níbo ni ẹni tí ó bá borí yóò lọ, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹgbẹ́ náà tú ká. Kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n gbá.

Mo wá rí i lára ògiri yẹn pé ohun tí a kò ní nìyẹn. Ọmọkùnrin kan, bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, bèèrè lọ́jọ́ Sátidé kẹta tí mo lọ, pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹgbẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí lè bá Arsenal gbá bọ́ọ̀lù láéláé?” Onílé kò fi ẹnu lásán dá a lóhùn. Ó ní kí ó wá gbé ìka rẹ̀ lé Combined Counties, ìpele kẹsàn-án. Ó ní: “Ibẹ̀ ni AFC Wimbledon ti bẹ̀rẹ̀ ní 2002, nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé ẹgbẹ́ àtijọ́ wọn kúrò ní ìlú, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dá tuntun sílẹ̀. Máa fà á lọ sókè.” Ọmọ náà ń fa ìka rẹ̀ lọ lára ọ̀dà, onílé ń ka ọdún, gbogbo ilé sì ń bá wọn kà á. Nígbà tí wọ́n dé 2011, ìka ọmọ náà ti dé League Two, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé mọ. Ìgòkè márùn-ún láàárín ọdún mẹ́sàn-án, èyí tí ó kẹ́yìn jẹ́ pẹ̀lú pẹ́nárítì lórí Luton Town. Onílé gbé ọmọ náà sókè ní èjìká, ó ní ó kù díẹ̀, Luton tí wọ́n fìyà jẹ lọ́jọ́ náà ni kí ó wá tẹ̀lé. Luton jáde kúrò ní non-league ní 2014, ó sì dé Premier League ní 2023. Ọmọ náà fọwọ́ kan àjà. Mo ti san owó tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìmọ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ògiri náà ní àbùkù, ó sì yẹ kí wọ́n tún un ṣe kíákíá nítorí pé àwọn ọmọ ń há a sórí. Conference ni wọ́n ṣì kọ sí ìpele karùn-ún, bẹ́ẹ̀ orúkọ yẹn ti kúrò láti 2015, National League ni wọ́n ń pè é báyìí. Àpótí mẹ́ta ló wà ní ìpele keje. Mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́ láti 2018, nígbà tí wọ́n pín Southern League sí Àárín àti Gúúsù. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Owó ọkọ̀ ni ó fà á. Bí àkàbà bá ń gòkè, ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ yóò rìn ń gbòòrò, nítorí náà wọ́n ní láti pín ìsàlẹ̀ sí agbègbè-agbègbè kí ẹgbẹ́ tí akápò rẹ̀ jẹ́ oníbúrẹ́dì má baà fi gbogbo owó rẹ̀ ra epo. Truro City tí ó gòkè sí National League ní 2025 wà ní ìkángun ìwọ̀-oòrùn gúúsù England. Láti ibẹ̀ sí Gateshead ní àríwá, ìrìn àlọ nìkan ju máìlì 400 lọ. Àwa náà kò ṣàjèjì sí irú ìyà bẹ́ẹ̀: láti Ìlọrin sí Maiduguri, ìlú El-Kanemi Warriors, jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbùkù kejì ni pé ọfà tí ó lọ láti ìpele karùn-ún sí ìkẹrin rọrùn jù lára ògiri ju bí ó ti rí lójú ayé. Kidderminster gba líìgì náà ní 1994, Macclesfield ní 1995, Stevenage ní 1996. Ẹnì kankan nínú wọn kò gòkè lọ́dún tí ó gbà á, nítorí pé pápá wọn kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ní sáà 2022-23, Notts County kó àmì 107 jọ, ó ṣe ipò kejì sí Wrexham tí ó ní 111, ó sì tún ní láti la ìdíje àṣekágbá kọjá dé orí pẹ́nárítì ní Wembley kí ó tó gòkè. Ẹgbẹ́ méjì péré ló ń gòkè láti ibẹ̀ láti 2003, ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ National League fi ń ṣe ìpolongo 3UP pé kí wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta. Tí mo bá jẹ́ onílé, ọfà yẹn ni n ó fi ọ̀dà pupa kùn, n ó sì jẹ́ kí ó tín-ín-rín.

Ní ti iṣẹ́ ìwòran fúnra rẹ̀: orí DAZN, ìkànnì ìwòran eré ìdárayá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ti ń wò ó, láti inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára aṣọ funfun. Àwòrán máa ń dúró díẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá rẹ̀, kì í pẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni bọ́ọ̀lù ń bẹ̀rẹ̀ lákòókò òtútù wọn, aago mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá ti yí aago síwájú. Onílé kì í kọ èyí sí ẹnu ọ̀nà, mo sì ti pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan nítorí rẹ̀. Bẹ́ǹṣì pákó ni ìjókòó, ẹ mú nǹkan rírọ̀ lọ́wọ́ bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín. Bátìrì sólà wọn kú lọ́jọ́ kan nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá; onílé dá ìdajì owó padà fún gbogbo wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Kúnnú wọn tutù dáadáa. Ilé ìtọ̀ wọn kò dára, ó sì yẹ kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i.

Ògiri ọwọ́ òsì ṣófo. Ní Sátidé karùn-ún mo bá onílé sọ ọ́ pé kí ó ya tiwa síbẹ̀: NPFL, líìgì àgbà Nàìjíríà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ 20, mẹ́rin tí ń já bọ́ lọ́dọọdún, NNL, ìpele kejì, lábẹ́ rẹ̀, Nationwide League One lábẹ́ ìyẹn, àwọn líìgì ìpínlẹ̀ nísàlẹ̀. Remo Stars tí ó gba NPFL ní sáà 2024-25 ti bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ní NNL rí, nítorí náà ọfà wà. Mo sì rán an létí Rashidi Yekini, tí wọ́n sin sí Ìrá, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí, ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún UNTL, ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Kaduna, kí ayé tó mọ̀ ọ́n, kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ Nàìjíríà wọlé nínú Ife Àgbáyé ní 1994. Onílé gbọ́, ó ń jẹ pákò rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo padà lọ ní Sátidé keje, wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà mẹ́rin sára ògiri òsì. Ọ̀dà wà nínú garawa lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta ń bá ara wọn jiyàn lórí bóyá ìlà kẹrin ni ẹgbẹ́ àdúgbò wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ àbí kí wọ́n fa ìkarùn-ún, onílé sì ti na ẹfun sí wọn pé kí wọ́n fà á.