Ẹ ṣọ́ra fún tébù-sọ́ọ̀ tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń fi igi jẹun ní Àbújá, Màràràbá, Kúbwá, Sùléjà títí dé Kàdúná, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú àtira ayùn orí tábìlì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tébù-sọ́ọ̀, kó fara balẹ̀ ka èyí kó tó kówó jáde. ₦385,000 ni mo fi kọ́ ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ yìí, owó yẹn kì í sì í ṣe owó àwàdà lọ́wọ́ ẹni tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ní Kàrú.

Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà. Àwọn àgbà ọjà ló bá wa parí ìdajì ọ̀rọ̀ náà, mo sì ti ṣèlérí fún wọn. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀nà Zuba ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, tòkunbọ̀ ló ń tà, Yorùbá sì ni. Ibi tó ti mú mi gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ yìí. Téèyàn bá ti fi Hausa ná ọjà láti àárọ̀ dọ̀sán, tí ẹnì kan wá ṣàdédé sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀, ṣé ará Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ni yín?", ara á tù ú, á jókòó, á mu omi tútù, gbogbo ìbéèrè tí ì bá bi Hausa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì á sì fò lọ lórí rẹ̀.

Máṣíìnì náà wuyì. Bíléèdì íńṣì mẹ́wàá, tábìlì aláwọ̀ eérú, ẹsẹ̀ tó ṣeé ká. Sítíkà tuntun kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ "3HP, 220V" sí: HP ni agbára mọ́tọ̀, V ni agbára iná tó yẹ kó wọ inú rẹ̀. Ó ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ó tan án, ó mú àjákù páláńkì kan, ó là á sí méjì bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Mo ní kó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Kí ni mo tún ń wá? Mo ṣe tiransifáà lójú ẹsẹ̀, a gbé ẹrù sínú a-kóri-kúra, ó di Kàrú.

Ọjọ́ kejì ni iná dé. Mo ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tèmi, mo tan án. Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn tí mo gbọ́ lọ́nà Zuba rárá. Ó han gooro bíi fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá, iná ń ta pàrà nídìí mọ́tọ̀, òórùn wáyà tó ń jó gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ mi ló sáré fa púlọ́ọ̀gì yọ. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá, ńṣe ni mo dúró síbẹ̀ tí mo ń wò.

Mo pe ọkùnrin náà lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná tiyín ló ga jù, ẹ lọ bá àwọn oníná yín."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo gbà á gbọ́ fún ọjọ́ méjì. Ta ló máa ń jiyàn tí wọ́n bá ní iná ló ba nǹkan jẹ́? Ọkùnrin Nupe kan tó ń dì wáyà mọ́tọ̀ ní Nyanya ló là mí lójú. Ó ta tínà sí àkísà, ó fi nu sítíkà yẹn títí ó fi ṣí, ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara máṣíìnì láti ilé iṣẹ́ sì fara hàn lábẹ́ rẹ̀: 120V, 60Hz, 15A. Ó wò mí, ó ní, "Oga, wannan na Amurka ne." Máṣíìnì Amẹ́ríkà ni.

Iná tiwa ní Nàìjíríà, 230V sí 240V ni, 50Hz. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, 60Hz. Hz yẹn ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó sì ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, A sì ni iye iná tó ń ṣàn. Ìlọ́po méjì iná tí wọ́n ṣe máṣíìnì yẹn fún ni mo kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Irú mọ́tọ̀ tó wà nínú tébù-sọ́ọ̀ kékeré tó ṣeé gbé káàkiri, èyí tó ní kábọ̀n méjì tó ń fara gbo irin tó ń yí nínú rẹ̀, kò ní ohun tó ń dá a dúró ju iná tó ń wọlé lọ. Tí iná bá di ìlọ́po méjì, eré náà á gòkè kọjá ààlà, kábọ̀n á máa ta iná, wáyà inú á jó. Ohun tó sì burú ju ti wáyà lọ ni bíléèdì. Ẹ wo ara bíléèdì yín, wọ́n kọ iye ìyípo tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan sí i. Ti íńṣì mẹ́wàá sábà máa ń jẹ́ 6,000 tàbí 7,000. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, eyín rẹ̀ lè já, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa bá. Nígbà tí mo gbọ́ èyí lẹ́nu ọkùnrin Nupe yẹn, mo ra Fanta fún ọmọ iṣẹ́ mi.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe wá ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti tà á? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo padà lọ láìsọ fún un. Oníbàárà mìíràn wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ń wo gáráńdà, mo bá rìn lọ síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri yẹn. Wáyà rẹ̀ kò lọ sókè bí ti àwọn yòókù. Ó gba ihò kékeré kan nísàlẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn láti gbé nǹkan, mo rí tiransfọ́mà ńlá kan lábẹ́ àpò sìmẹ́ńtì, irú èyí tó ń já iná 240V wálẹ̀ sí 120V. Ó ń kùn wùù bí oyin. Sọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ló kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ojú tiwa bò ó.

Ká ní mo mú mítà tí àwọn oníná fi ń wọn iná dání lọ́jọ́ yẹn ni, n ó kì í bọ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, yóò fi nǹkan bíi 118 hàn mí, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Irọ́ 3HP yẹn náà, ìṣirò ọmọ ilé-ìwé ló tú u. HP kan jẹ́ wáàtì 746, nítorí náà mẹ́ta jẹ́ 2,238. Máṣíìnì tó ń gba 15A lórí 120V, gbogbo iná tó lè fà kò ju wáàtì 1,800 lọ, apá kan nínú rẹ̀ á sì di ooru dànù. Níbo ni 2,238 ti fẹ́ wá? Bẹ́ẹ̀, sítíkà 3HP àti 4HP kún ọjà bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n tilẹ̀ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gáráńdà. Iye A àti V tó wà lára àwo mọ́tọ̀ ni kí ẹ kà. Tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà bo àwo náà, tàbí tí sítíkà bá wà lórí rẹ̀, ẹ fi èékánná ha á lójú ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá bínú sí i, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kò burú, pé kí ẹ ra máṣíìnì Amẹ́ríkà, kí ẹ sì ra tiransfọ́mà tì í. Ó ṣeé ṣe fún oní-kábọ̀n, tí tiransfọ́mà bá tóbi dáadáa. Èyí tó kéré jù á gbóná, á sì jó níbi tí igi bá ti nípọn. Ṣùgbọ́n máṣíìnì ńlá, èyí tó wúwo tó ń fi bẹ́líìtì yí bíléèdì, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Mọ́tọ̀ tirẹ̀ kò ní kábọ̀n, 60Hz yẹn ló ń fún un ní eré. Tiransfọ́mà lè yí V padà, kò lè yí Hz padà. Mọ́tọ̀ tó ń yí 3,450 lọ́dọ̀ wọn á wá sí nǹkan bíi 2,850 lọ́dọ̀ wa, á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú irú èyí, òmíràn wà tí wọ́n kọ 115/230V sí, tó jẹ́ pé wáyà inú àpótí rẹ̀ la kàn máa yí. Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí oníná tó mọṣẹ́ wò ó.

Máṣíìnì oníná mẹ́ta, èyí tó ń lo féèsì mẹ́ta, wọ́n máa ń tà á ní ẹ̀dínwó fún àwọn tí iná ilé wọn jẹ́ féèsì kan. Ẹ̀dínwó náà ní ìdí.

Tábìlì náà ńkọ́? Irin ojúlówó tó wúwo ló máa ń jẹ́ kí igi lọ láìgbọ̀n. Tèmi, ọkùnrin yẹn pè é ní irin, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ní àwọ̀ eérú ni. Alumíníọ̀mù kì í ṣe èṣù o, òun ló wà lára àwọn tó fúyẹ́. Owó irin tó gbà fún un ni mo ń bá jà. Mo ti ní òòfà kékeré kan báyìí tí mo yọ lára sípíkà rédíò tó bàjẹ́, inú àpò ṣòkòtò ni mo ń gbé e sí. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tó lè mú òòfà lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù.

Èyí tó ń dùn mí jù nínú tòkunbọ̀ wa ni irin pẹlẹbẹ tó yẹ kó dúró lẹ́yìn bíléèdì. Wọ́n ti máa ń yọ ọ́ kí ó tó dé ọjà, wọ́n á ní kò wúlò, pé ńṣe ló ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí ojú ibi tí a ti la igi pa dé mọ́ ẹ̀yìn bíléèdì. Eyín ẹ̀yìn ń gòkè bọ̀ ni. Tí igi bá fún un pọ̀, á gbé e, á sì jù ú sí ẹni tó ń tì í. Lórí ìyípo 2,850, eyín bíléèdì íńṣì mẹ́wàá ń sá eré tó tó 136 kìlómítà ní wákàtí kan, nígbà tó jẹ́ pé 100 ni òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú títì márosẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Kàdúná ní àpá kan níkùn tó gùn tó ọwọ́ ọmọdé. Páláńkì mẹlíínà ló ṣe é, igi tí gbogbo wa ń pè ní igi rírọ̀. Tí irin yẹn kò bá sí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Tí kò bá lè wá a jáde, ẹ ka máṣíìnì náà sí èyí tí kò pé, kí ẹ sì ná an bẹ́ẹ̀.

Ó tún ní ẹnì kan tó sọ fún àbúrò mi ní ọjà pé tébù-sọ́ọ̀ tòun máa dúró fúnra rẹ̀ tí ìka bá kàn án. Irú rẹ̀ wà lóòótọ́: SawStop ni wọ́n ń pè é, Steve Gass ló ronú kàn án ní Amẹ́ríkà ní 1999. Ṣùgbọ́n bíréèkì inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti mú bíléèdì, òun àti bíléèdì náà lọ nìyẹn, èèyàn á ra òmíràn. Èyí tí wọ́n fi han àbúrò mi kò tilẹ̀ ní àyè tí wọ́n ń fi bíréèkì sí. Ìka ta ni wọ́n fẹ́ kó fi dán an wò?

Bí mo ṣe ń rajà báyìí: igi tèmi ni mo ń gbé lọ, apá tàbí ìrókò tó nípọn íńṣì méjì, nítorí kò sí máṣíìnì tí kò lè gé páláńkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo máa ń ní kí wọ́n là á léraléra fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni mo máa gbé imú sún mọ́ mọ́tọ̀. Mo máa ń fi ọwọ́ tọ wáyà láti ara máṣíìnì títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ gbé e kọjá sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, kódà tí ẹ bá máa fún onítọ̀hún ní owó iná. Ọkùnrin tiwa yìí ì bá ti kọ̀ níbẹ̀. Ní ti àwọn tó ń ní kí ẹ sanwó ní Àbújá kí wọ́n tó fi máṣíìnì ránṣẹ́ láti Èkó sí páàkì Jábì, mi ò mọ ohun tí mo tún fẹ́ sọ tí ẹ ò tíì gbọ́.

Rìsíìtì tó fún mi ní àkọlé nísàlẹ̀ pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Òfin ti 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tà á fún padà. Ẹ ya fídíò nígbà tí ẹ bá ń rajà, kí ohùn ẹni tó ń tà á wà níbẹ̀ nígbà tó ń pe HP àti V. Fọ́tò àwo abẹ́ sítíkà yẹn àti orúkọ FCCPC tí mo dá lójú àwọn àgbà ọjà ló jẹ́ kó dá ₦200,000 padà fún mi, tó sì gba máṣíìnì rẹ̀. Ó ku ₦185,000. Mo ṣì ń pè é lọ́jọọjọ́ Mọ́ńdè.

Ó ti tún mọ́tọ̀ náà ṣe o. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rí i níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti kun ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ₦410,000 ni wọ́n pè é. Kí a tó gbé e padà lọ, mo fi ìṣó ha lẹ́tà K àti A sí abẹ́ tábìlì rẹ̀, lápá òsì, níbi tí ọ̀dà kò lè tètè dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa kí ẹ tó ná an.