Ọ̀dà POR-15 fún ilẹ̀ ọkọ̀ Mustang àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú: ẹ ra agolo kékeré, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò di búrọ́ọ̀ṣì mú

POR-15 dára. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń kánjú lè lọ ra tirẹ̀. Tí a bá ń sọ ti irin tó ti dógùn-ún, ọ̀dà tí èèyàn lè fi búrọ́ọ̀ṣì lásán kùn, tí yóò sì di irin náà mú tó èyí, kò pọ̀ rárá. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó ṣe é kò ro ti ojú ọjọ́ Ìjẹ̀bú-Òde mọ́ ọn, kò sì ro ti bàbá kan àti ọmọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ sọ́nà, tí àwọn méjèèjì jọ tẹrí sínú ọkọ̀ kan.

Omi inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀dà yìí ń mu kó tó le. Níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, ó ń pẹ́. Lọ́dọ̀ wa, àgàgà nígbà òjò, ojú rẹ̀ á yi kí inú rẹ̀ tó yi, gáàsì tó ń jáde láti inú á há sábẹ́ awọ, á sì yọ ìléròrò káàkiri. Bí ẹ bá kùn ún nípọn, tiẹ̀ tún burú sí i. Omi tó bá kù lára irin ń ṣe ohun kan náà, títí kan òógùn tó kán láti iwájú orí ẹni tó ń kùn ún. Ẹ so àkísà mọ́rí.

Nítorí náà, ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ ṣe ilẹ̀ ọkọ̀, oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní. Ẹni tó fẹ́ gbé Mustang lọ sí Ojúde Ọba, kó má dúró de ìgbà tí Iléyá bá kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní 2025, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni Iléyá bọ́ sí, àárín òjò gan-an. Bí ọyẹ́ bá ti kọjá, ọjọ́ tí oòrùn ràn dáadáa nìkan ló kù fún yín, láti nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán sí aago mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Mustang la fi ń ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jẹrà. Ọkọ̀ Chevelle àti GTO ìgbà yẹn ní ṣasí, ìyẹn férémù irin abẹ́ ọkọ̀, tó dá dúró. Mustang kò ní. Ilẹ̀ àti àwọn àpótí irin tí wọ́n jó mọ́ ọn ló di gbogbo ara ọkọ̀ mú, ìdí nìyẹn tí ìpáàrà ibẹ̀ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ohun tó sì ń fà á kì í sábà wá láti ìsàlẹ̀. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Òrùka irin tó yí i ká nínú lọ́hùn-ún ló ń jẹrà, tí òjò á sì máa kán sí ibi ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ rọra da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sínú ihò náà, kí ẹnì kejì tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Bí omi bá kán, ẹ má tíì ra ọ̀dà. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ kàn ń kun ìsàlẹ̀ odò ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣóńṣó sukurudiráfà gún ilẹ̀ náà níbi gbogbo. Ibi tó bá wọlé, ajórin ló ni ín: kí ó gé e dé ibi tí irin ti le, kí ó jó tuntun sí i. Ẹ̀yà ilẹ̀ Mustang tuntun ṣì wà ní Amẹ́ríkà fún ẹni tó bá lè béèrè fún un. Àwọn kan máa ń tẹ́ aṣọ fáíbà sórí ihò, wọ́n á wá kun ọ̀dà lé e. Lórí ọkọ̀ tí kò ní ṣasí, ìjàǹbá nìyẹn. Kí iṣẹ́ iná sì parí kí agolo tó ṣí, torí pé májèlé ni èéfín rẹ̀ bí iná bá kàn án.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ìfọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ yìí ló ti mu ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, èyí tí mẹkáníìkì fi pa abẹ́ wọn kí wọ́n má bàa dógùn-ún. Ọ́ìlì náà ti wọ inú gbogbo ojú ìsopọ̀. Bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì tí wọ́n bá fi nù ún kàn ń tẹ́ ẹ ká ni; ọ̀dà á gbẹ, á dán, á sì ká bí awọ ejò lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ohun ìfọ̀ tí wọ́n ń tà pẹ̀lú POR-15 ni kí ẹ pò mọ́ omi gbígbóná, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣàn án, títí omi á fi máa tẹ́ lórí irin láì fọ́n sí wẹ́wẹ́. Ibi ìsopọ̀ lè gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Metal Prep ló kàn, omi kíkan tí ásíìdì fọ́sfọ́ríìkì wà nínú rẹ̀. Irin gbọ́dọ̀ tutù fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti ṣe é, torí oòrùn á gbẹ ẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ó bá fẹ́ gbẹ, ẹ tún fín in. Ẹ wá fi omi ṣàn án, kí ẹ ti ọkọ̀ sínú oòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ojú ìsopọ̀, ẹ kọ́kọ́ tú omi inú táǹkì rẹ̀ dànù, kó má bàa jẹ́ omi lẹ tún ń fẹ́ sí i. Irin tuntun tó ń dán, tí ajórin ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, kò gbọ́dọ̀ fo Metal Prep láéláé. Ara irin tó dán kì í gba ọ̀dà yìí.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ má ra agolo ńlá. Agolo kúọ́ọ̀tì kan, tí kò tó lítà kan, ń kun nǹkan bí ibi mẹ́sàn-án tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan níbùú lóròó, lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀ inú Mustang kò fi bẹ́ẹ̀ ju méjì àbọ̀ irú rẹ̀ lọ, lẹ́ẹ̀méjì sì ni à ń kùn ún. Àwọn agolo kéékèèké tí wọ́n ń tà ní mẹ́fà-mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí 120 mílílítà, ló yẹ Ìjẹ̀bú: márùn-ún á tó fún ilẹ̀ inú, ọ̀kan á ṣẹ́kù láìṣí. Agolo tó bá ti ṣí lọ́dọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn. Ẹ rò ó, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ bù ú sínú kọ́ọ̀pù, ẹ má ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú agolo, ẹ má sì da àṣẹ́kù padà sínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá sáàárín ìdérí àti agolo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní lè ṣí i mọ́. Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ rà á, ẹ yí agolo síwá sẹ́yìn kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ ò bá gbọ́ kí nǹkan máa mì nínú rẹ̀, òkúta ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Búrọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú láti Ládìípọ̀ ti tó. Kò ṣeé fọ̀, jíjù ni.

Ìkùn kejì ló ní ẹ̀tàn. Ẹ dúró títí ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ á fi máa lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, tí dúdú kò sì ní bá a jáde. Wákàtí méjì sí mẹ́fà ni àwọn tó ṣe é sọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò kí méjì tó pé. Àyè wà láti rin ewùrà, kí a se ìkọ́kọrẹ́, kí a sì jẹ ẹ́ tán. Bí ó bá di ọjọ́ kejì mọ́ yín lọ́wọ́, sánpépà 320 ló kù.

Ọ̀rọ̀ àna wá dé. Ọmọkùnrin tó ń wá aya kì í sọ fún bàbá pé "ẹ dúró," iṣẹ́ yìí sì kún fún "ẹ dúró." Ẹ pín iṣẹ́ kí agolo tó ṣí. Bàbá ni kó kun inú ọkọ̀ láti òkè, lórí àga, pẹ̀lú ilẹ̀kùn méjèèjì ní ṣíṣí. Kèǹgbè tí ọwọ́ àgbà kò wọ̀ níbí ni abẹ́ ọkọ̀, tọmọkùnrin nìyẹn, pẹ̀lú awò ààbò lójú. Ìfọ̀ àti Metal Prep, tirẹ̀ náà ni. Kó sì yí aago fóònù rẹ̀ sí gbogbo àkókò, kó lè jẹ́ fóònù ló ń dá bàbá dúró: "Bàbá, fóònù ti ké o, sà." Ìkùn tí a kánjú kùn nítorí pé àna ń tijú ni a máa ń padà wá ha.

Bí bàbá bá ní ikọ́ fée, kó má sún mọ́ ọn rárá. Ìbòmú aláṣọ kò tó; èyí tó ní asẹ́ tó ń sẹ́ òórùn ọ̀dà ni kí ẹ lò, ní gbangba. Fífín in, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ wá láti òde. Ọ̀dà tó bá gbẹ sára, ọṣẹ kò lè ṣí i, tíńnà kò lè ṣí i, ọjọ́ díẹ̀ ló máa fi bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ ìdána, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ kí ọwọ́ àwọn méjèèjì dúdú nínú gbogbo fọ́tò.

Ọ̀dà pupa tí àwọn ajórin ń kùn sí géètì kò wọ́n, ó sì wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n omi ń gba inú rẹ̀ kọjá bí kò bá sí ọ̀dà mìíràn lórí rẹ̀. Fún ilẹ̀ inú àti abẹ́ ọkọ̀, POR-15 tó owó rẹ̀. Fún ìta ara ọkọ̀, ẹ má dábàá rẹ̀, oòrùn á sọ ọ́ di eérú. Abẹ́ bátìrì, níwájú lápá ọ̀tún, wà láàárín méjèèjì: ẹ lò ó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kun ọ̀dà mìíràn lé e nígbà tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.