Iná sólà fún àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì, ilé epo àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ ní Ilé-Ifẹ̀: èwo ni kí ẹ rà nínú mẹ́ta?

Ẹni tó bá fẹ́ tan iná sí àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì ní Lágere, ilé epo lójú ọ̀nà Ìbàdàn tàbí gbọ̀ngàn ayẹyẹ ní Parakin, irú iná mẹ́ta ló máa bá lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni all-in-one: páńẹ̀lì, bátìrì àti gílóòbù jọ wà lára àpótí kan. Ìkejì ni onípáńẹ̀lì ọ̀tọ̀: páńẹ̀lì dá wà lókè òpó, gílóòbù wà lápá òpó, bátìrì sì wà nínú gílóòbù tàbí nínú àpótí tirẹ̀. Ìkẹta ni gílóòbù LED lásán tó ń jẹ iná láti ara ínfátà kan (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí à ń lò nínú ilé), tí páńẹ̀lì rẹ̀ wà lórí òrùlé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ibi tó yẹ wọ́n. Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni kí wọ́n gbé iná tó yẹ ẹ̀yìnkùlé ilé lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí oníṣòwò.

Oṣù kẹjọ ni kí ẹ fi yan iná

Kò sí iná sólà tí kì í tàn lóṣù kejì sí ìkẹta. Oṣù keje àti ìkẹjọ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, nígbà tí ojú ọjọ́ Ifẹ̀ lè ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, láì jẹ́ kí oòrùn yọjú. Lásìkò yẹn, ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í ṣírò ju wákàtí 3.5 oòrùn gidi lójúmọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ òru wa tó bíi wákàtí 12 yípo ọdún. Ọyẹ́ náà ní tirẹ̀: eruku á bo páńẹ̀lì, bí wọn kò bá sì nù ún, agbára rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi gílóòbù kan ṣe ìṣirò. LED wáàtì 30 tòótọ́ ni, ó ń tàn ní kíkún láti aago méje alẹ́ di méjìlá òru, lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀ sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún títí di aago méje òwúrọ̀. Wákàtí 5 àkọ́kọ́ jẹ 150Wh (Wh ni wáàtì lọ́nà iye wákàtí), wákàtí 7 tó kù jẹ 63Wh. Àpapọ̀ jẹ́ 213Wh lóru kan. Kó tó lè la òru méjì láì rí oòrùn, ó nílò 426Wh. A kì í fa bátìrì lithium gbẹ, ìdá 80 ni ká máa lò nínú rẹ̀, nítorí náà bátìrì náà gbọ́dọ̀ tó 530Wh, ìyẹn 12.8V 42Ah ó kéré tán (V lọ́nà Ah ló ń di Wh). Ní ti páńẹ̀lì, ẹ pín 213 sí 3.5, kí ẹ sì fi ìdá 30 sílẹ̀ fún ohun tí eruku, ooru àti wáyà ń jẹ: ẹ ó rí nǹkan bíi wáàtì 87. Wáàtì 100 ni kí ẹ rà. 120 ló dára jù, torí bátìrì tó ti lò fún ọjọ́ méjì láì rí oòrùn gbọ́dọ̀ rí ohun tó fi padà kún.

Oníbàárà tó bá ní dandan ni kí iná òun mọ́lẹ̀ ní kíkún mọ́jú, bátìrì 900Wh àti páńẹ̀lì wáàtì 150 ni ká bá a rà fún gílóòbù kan náà yìí. Ẹ sọ ìyẹn fún un kó tó sanwó, kó lè yàn fúnra rẹ̀.

Wáàtì ara páálí

Ẹni tó ń béèrè "wáàtì mélòó ni?" nìkan lọ́jà ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Wọ́n lè kọ 300W, 500W, àní 1000W sára páálí. Ẹ ní kí olùtajà ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ fún yín. Ohun tí ẹ ó sábà bá níbẹ̀ ni bátìrì kékeré tí wọ́n kọ 3.2V 15Ah sí lára. 3.2 lọ́nà 15 jẹ́ 48Wh. Bátìrì 48Wh kò lè gbé wáàtì 10 dé wákàtí márùn-ún, áńbọ̀sìbọ́sí 300. Ìdí nìyí tí irú iná bẹ́ẹ̀ fi ń mọ́ yòò nígbà tí wọ́n bá dán an wò, tó sì máa ń ṣe bàìbàì kí aago mọ́kànlá tó lù.

Ẹ mú tépù dání fún páńẹ̀lì. Páńẹ̀lì tó dára máa ń fún wa ní bíi wáàtì 200 lórí mítà kan níbùú àti lóròó. Èyí tó bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 50 lọ́nà 30 kò lè ju wáàtì 30 lọ, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i. Ìwọ̀n náà kì í purọ́: bátìrì lithium 530Wh nìkan á tó kìlógíráàmù 4 sí 5. Bí odindi iná bá fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, bátìrì tí wọ́n ń sọ kò sí nínú rẹ̀. Ní ti ìmọ́lẹ̀, lumen, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde, ni kí ẹ béèrè. LED tó dára ń fún wa ní lumen 120 sí 160 lórí wáàtì kan, nítorí náà wáàtì 30 gidi á tó lumen 4,000, ó sì tó fún òpó mítà 6.

All-in-one lẹ́gbẹ̀ẹ́ onípáńẹ̀lì ọ̀tọ̀

All-in-one ló rọrùn jù láti rà àti láti gbé sókè. Èèyàn méjì, àkàbà kan àti sípánà ti tó. Ó dára fún ẹ̀gbẹ́ géètì, ọ̀nà ẹsẹ̀ tàbí ògiri tí oòrùn ń rí láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tí iná bá wà ni páńẹ̀lì náà máa wà. Bí igi máńgòrò tàbí ilé alájà méjì bá ń ṣíji bo ibẹ̀ láti aago méjì ọ̀sán, kò sí bí a ṣe lè gbé páńẹ̀lì sá kúrò. Òjìji kékeré náà sì lè ṣe ọṣẹ́ ńlá, torí pé ìlà kan náà ni iná inú páńẹ̀lì ń gbà: ewé kan tó bo igun kan lè fa gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Bátìrì rẹ̀ tún wà lábẹ́ páńẹ̀lì tó gbóná janjan látàárọ̀, ooru sì ni ọ̀tá bátìrì. Bó bá bàjẹ́, àwọn púpọ̀ máa ń sọ odindi rẹ̀ nù.

Onípáńẹ̀lì ọ̀tọ̀ wọ́n jù ú lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ jù, àmọ́ òun la máa fi ọkàn balẹ̀ yàn fún ibi ìgbọ́kọ̀sí òtẹ́ẹ̀lì àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Ẹ lè kọjú páńẹ̀lì sí gúúsù, kí ẹ sì dà á ní dígíríì 10 sí 15. Ifẹ̀ kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà dídà yẹn wúlò fún òjò tí yóò fọ eruku lára rẹ̀ ju bó ṣe wúlò fún oòrùn lọ. Bí bátìrì bá kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bátìrì nìkan lẹ ó pààrọ̀.

Ẹ má gba bátìrì gel dípò lithium nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Gel 12V 100Ah jẹ́ 1200Wh lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ la lè lò kó má baà tètè kú, ó tó bíi kìlógíráàmù 30, ìdí òpó ni wọ́n sì máa ń rì í mọ́ sínú ilẹ̀, níbi tí àgbàrá ń bá a. Lithium LiFePO4 tó dára lè gba iná kó sì lò ó ju ìgbà 2,000 lọ, èyí tó lé ní ọdún márùn-ún bó bá ń ṣe é lójoojúmọ́. Ibi gíga lára òpó ni kí ẹ fi àpótí rẹ̀ sí, bíi mítà 4, kí olè má baà rí i gbé.

Ilé epo yàtọ̀

Lábẹ́ ìbòrí ilé epo, oòrùn kò dé, nítorí náà ínfátà ló tọ́. Páńẹ̀lì á wà lórí òrùlé ọ́fíìsì, bátìrì á wà nínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, iná NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀ sì lè kún un nígbà tí òjò bá gùn. Ẹ má gbé súìsì tàbí bátìrì sítòsí ẹ̀rọ epo àti páìpù tí èéfín tánkì ń gbà jáde. Wáyà tí wọ́n fi irin wé lára (armoured) ni kí ẹ mú gba abẹ́ ilẹ̀, nínú yàrà tó jìn ní sẹ̀ntímítà 60. Ẹ pín gílóòbù sí ọ̀nà méjì ó kéré tán, torí bí ọ̀nà kan bá já, gbogbo àgbàlá kò ní ṣókùnkùn. Ẹ rántí pé ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ iná mọ́jú, bí gílóòbù kò tilẹ̀ tàn.

Òpó ló ń dójú ti oníṣẹ́

Òpó mítà 6 tí wọ́n fi síǹkì bò, tí irin rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3, ni kí ẹ lò. Àlàfo mítà 18 sí 20 ló dára láàárín òpó méjì; bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òkùnkùn á jókòó sáàárín. Ihò ìpìlẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 60 lọ́nà 60, kó jìn tó 90. Níbi tí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ gbẹ́ ẹ dé 120. Sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, gíráníìtì mẹ́rin ni àpòpọ̀, ihò 90 sì máa gba àpò sìmẹ́ńtì méjì àti díẹ̀. Bóòtù M16 (tó nípọn ní mìlímítà 16) mẹ́rin ló máa wọ inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi pákó tí ihò mẹ́rin wà lára rẹ̀ dì wọ́n mú kí kọnkéré tó gan, kí wọ́n má baà wọ́ síra. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ kò bá ṣe é ni pé awo ìsàlẹ̀ òpó kò ní wọlé, jórinjórin á wá fẹ ihò rẹ̀ ní tipátipá, nọ́ọ̀tì kò ní dì í mú dáadáa, ìjì àkọ́rọ̀ òjò á sì tẹ òpó náà torí páńẹ̀lì ń gba atẹ́gùn. Kí kọnkéré ga ju ilẹ̀ lọ ní sẹ̀ntímítà 10, kí omi má baà dúró sí ìdí òpó. Ẹ fi ọjọ́ méje sílẹ̀ kí ẹ tó gbé òpó dúró.

Wáyà àti ohun tó máa ń bàjẹ́

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ kọntiróla (ẹ̀rọ tó ń darí iná láàárín páńẹ̀lì, bátìrì àti gílóòbù), lẹ́yìn náà páńẹ̀lì, gílóòbù kẹ́yìn. Lára bátìrì ni kọntiróla ti ń mọ̀ bóyá 12V tàbí 24V ni. Bí páńẹ̀lì bá ṣáájú, ó lè ka ohun tí kò yẹ kó kà. Bí ẹ bá ń tú u, gílóòbù ni kó ṣáájú. Wáyà 2.5 ló yẹ láti bátìrì dé gílóòbù lórí òpó mítà 6. Ẹ fi fíùsì sí ẹsẹ̀ rere bátìrì. Níbi tí wáyà ti wọlé sínú àpótí, ẹ jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọlé, kí omi òjò máa kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá àpótí tí wọ́n kọ IP65 sí ó kéré tán, àmì pé eruku àti omi òjò kò lè wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì dí ihò tó kù, torí agbọ́n àti èèrà fẹ́ràn àpótí iná.

Bí iná kan kò bá tàn lálẹ́, tí bátìrì rẹ̀ sì kún, ẹ wo yíká kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ó lè jẹ́ gílóòbù jẹnẹrétọ̀ alábàágbé ló ń tàn sára páńẹ̀lì náà, kọntiróla sì rò pé ilẹ̀ ṣì mọ́. Ẹ yí páńẹ̀lì náà díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ bí èèyàn bá kọjá, èyí tó ń rí ooru ara èèyàn kì í sábà ríran ju mítà 8 lọ, nítorí náà èyí tó ń lo ìgbì rédíò (microwave) ni kí ẹ rà fún òpó gíga.

Kí oníbàárà tó san owó tó kù, ẹ fi aṣọ nípọn bo páńẹ̀lì kan lọ́sàn-án: iná gbọ́dọ̀ tàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fi aṣọ náà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Iná tó bá kú lóru àkọ́kọ́ kò ní bátìrì tí wọ́n san owó rẹ̀. Kí ìwé wọ́ráńtì sọ irú bátìrì àti Wh rẹ̀, wáàtì páńẹ̀lì, àti ẹni tí yóò san owó àkàbà àti ọkọ̀ bí wọ́n bá pe oníṣẹ́ padà.