Ìdánwò àbá àti ààlà ìdánilójú: èwo ló sọ̀rọ̀ jù?
Ká ní a ṣa akẹ́kọ̀ọ́ 25 láìṣojúsàájú, tí ìpíndọ́gba máàkì wọn jẹ́ 52, tí ìyàpa rẹ̀ (bí máàkì wọn ṣe fọ́n ká yí ìpíndọ́gba ká, ìyẹn standard deviation) sì jẹ́ 10. Ṣé ìpíndọ́gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí 50?

Ìdánwò àbá (hypothesis test) ń wò ó bóyá ẹ̀rí tó láti kọ àbá pé 50 ni ìpíndọ́gba náà. Ó kọ́kọ́ fi gbòǹgbò 25 pín 10, ó di 2. Ó wá fi 2 yìí pín ohun tí 52 fi ju 50 lọ: t jẹ́ 1. Kò dé 2.064, ìyẹn òdiwọ̀n tí t gbọ́dọ̀ kọjá fún akẹ́kọ̀ọ́ 25 ní ìpele ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹ̀rí wa kò tó láti kọ 50. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ò sọ pé 50 gan-an ni o!

Ààlà ìdánilójú (confidence interval) ń to àwọn iye tí ẹ̀rí wa kò tako fún ìpíndọ́gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ti ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀ láti 47.9 dé 56.1. 50 wà nínú rẹ̀, ìdáhùn kan náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n 55 náà wà níbẹ̀: ó fi hàn wá pé kì í ṣe 50 nìkan ló ṣeé ṣe. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù nìyí.