Wákàtí 30 ọ̀fẹ́ ní jẹ́léósinmi Ẹ́ńgláńdì: bí ó ṣe rí fún wa

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ìjọba ti ń san owó wákàtí 30 lọ́sẹ̀ ní jẹ́léósinmi ní Ẹ́ńgláńdì fún ọmọ tó bá ti pé oṣù 9, bí àwọn òbí rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní náà.

Kí ètò yìí tó dé, ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ ni ìyàwó mi ń lọ sí ilé ìtajà oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé bí a bá yọ owó jẹ́léósinmi kúrò nínú owó iṣẹ́ ọjọ́ kẹrin, ohun tó ń ṣẹ́ kù kò ju owó ọkọ̀ lọ. Ìyá mi wá bá wa gbé ọmọ pọ̀n, ṣùgbọ́n físà oṣù 6 ni wọ́n fún wọn, wọ́n sì ti padà sílé. Ní báyìí, ọjọ́ márùn-ún ni ìyàwó mi ń ṣe. Owó orí tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀ ti pọ̀ sí i, nítorí náà ìjọba ń rí díẹ̀ gbà padà nínú ohun tó ná, ọ̀gá rẹ̀ kò sì wá ẹlòmíràn tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ níṣẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" yẹn ṣá gba àlàyé. Ọ̀sẹ̀ 38 nínú ọdún ni ìjọba ń sanwó fún; nígbà tí jẹ́léósinmi wa pín in ká gbogbo ọdún, ó di nǹkan bíi wákàtí 22 lọ́sẹ̀, àwa ni a sì ń san ìyókù. Nínú ìwé owó àkọ́kọ́, wọ́n kọ owó oúnjẹ àti ti ìtẹ́dìí bí ẹni pé dandan ni, bẹ́ẹ̀ òfin kò fi dandan lé e. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n yọ ti ìtẹ́dìí kúrò. Ní ti ìtọ́jú ọmọ gan-an, n kò rí ohun tí mo lè fẹ̀sùn kàn wọ́n.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ètò yìí kò kan ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tí físà iṣẹ́ wọn kò fún wọn láyè láti gba ìrànwọ́ ìjọba, àfi bí ọ̀kan nínú tọkọtaya bá ní àyè náà. Wọ́n ń san owó orí bíi tiwa, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń tọ́jú arúgbó nílẹ̀ yìí. Tọkọtaya kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń pín iṣẹ́ ṣe: ìyàwó lọ́sàn-án, ọkọ lóru, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn.

Ẹni tí ètò náà bá kàn, tí ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kínní, gbọ́dọ̀ gba kóòdù rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba ń fún òbí láti fi han jẹ́léósinmi, kí oṣù Kejìlá tó parí, kí ó sì máa sọ ọ́ dọ̀tun ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.