Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ san owó kọ́ ìtàn kíkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ará mi ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa kọ ìtàn ní èdè Yorùbá, mo kí yín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣágámù fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá kí òun san owó sí i. Bí mo ṣe ṣí i ni àyà mi já, nítorí pé fọ́tò tó wà níbẹ̀, ti ọkùnrin tó wọ agbádá, tó gbé ọwọ́ lé òkìtì ìwé, ni fọ́tò tí ọkùnrin tó gba owó lọ́wọ́ mi ní ọdún tó kọjá ń lò. Orúkọ rẹ̀ ti yí padà, iye owó tó ń gbà sì ti kúrò ní 35,000 náírà, ó ti di 50,000 náírà. Láti ọdún tó kọjá ni ìtìjú ti pa mí lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá tún dákẹ́ lẹ́yìn ohun tí mo rí yìí, èmi náà ti ń bá a gba owó àwọn ẹlòmíràn nìyẹn.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti pẹ́ tí mo ti máa ń kọ ìtàn ní alẹ́, nígbà tí mo bá ti máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ tán, n kì í sì í fi han ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn náà dá lórí ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́yìn ilé, tó ń rin ewùrà fún ìkókòrẹ́ ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ sí Ojúde Ọba, tí ìró ìlù sì ń dé etí rẹ̀ láti òkèèrè. Mo mọ̀ pé ìtàn náà ní nǹkan nínú, ṣùgbọ́n ó máa ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ bí ó bá ti ku díẹ̀ kó parí, mo sì ń wá ẹni tó lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó ti ń kú. Nítorí náà, nígbà tí mo rí ọkùnrin kan tó ní ó ti tó 30 ọdún tí òun ti ń kọ ìwé, tó ní ènìyàn 12 péré ni òun yóò gbà, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ náà, lórí Zoom, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti pé òun fúnra òun ni òun yóò ka iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, inú mi dùn púpọ̀.

Nígbà tí mo tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà sínú fóònù mi, orúkọ tó jáde kì í ṣe ti òǹkọ̀wé yìí, orúkọ obìnrin kan ni. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní akọ̀wé òun ni, pé òun kò fẹ́ kí owó ẹ̀kọ́ dàpọ̀ mọ́ owó ìwé òun. Ó yẹ kí n ti dúró níbẹ̀, kí n sì jẹ́ kí owó mi wà níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dùn, "Màmá Òǹkọ̀wé" ni ó ń pè mí, mo bá fi owó náà ránṣẹ́.

N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ dára. Fún bíi wákàtí kan, ó sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn láìsí àlàyé gígùn, inú wa sì dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, kò wá sórí Zoom mọ́. Ohùn tí ó ti gbà sílẹ̀ ni ó ń fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa. Oṣù Òkúdù ni a wà nígbà náà, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà, ó kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kú ọdún Kérésìmesì. Obìnrin kan láti Ìpẹru béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọdún Kérésìmesì wo nìyẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, ó sì sọ fún àwa yòókù pé obìnrin náà kò ní ẹ̀mí ẹ̀kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí irú ìwà yìí, nítorí pé olùkọ́ tí ìbéèrè bá ń bí nínú ní ohun tó ń fi pamọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ọ̀rọ̀ títẹ ìwé wọlé. Ó ní òun fẹ́ kó ìtàn gbogbo wa jọ sínú ìwé kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san 60,000 náírà, kí a sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan. Mo san 20,000 náírà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni èsì rẹ̀ lórí ìtàn mi tó dé, ohun tó sì là mí lójú nìyẹn. Ojú ewé kan ni, ó kún fún ìyìn láti òkè dé ìsàlẹ̀: ó ní mo ní ẹ̀bùn, ó ní èdè mi jinlẹ̀. Nígbà tí mo kà á dé àárín, mo rí i tó kọ ọ́ pé: "Bí bàbá náà ṣe ń sunkún ní pápákọ̀ òfurufú wọ̀ mí lákínyẹmí ara." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí bàbá kankan nínú ìtàn mi, kò sì sí pápákọ̀ òfurufú. Ìyá àgbà àti ewùrà rẹ̀ ni. Nọ́ńbà obìnrin ará Ìpẹru yẹn wà lọ́wọ́ mi, mo bá pè é. Ìtàn Ìjàpá fún àwọn ọmọdé ni tirẹ̀, síbẹ̀ bàbá tó ń sunkún ní pápákọ̀ òfurufú wà nínú èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun náà. Ọkùnrin náà kò ka iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà tí mo bi í, ó dínà mọ́ nọ́ńbà mi, 55,000 náírà mi sì bá a lọ.

Ìgbà yẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó san kọ́bọ̀. Mo fi fọ́tò rẹ̀ wá a lórí Google, mo sì rí i pé ti ẹlòmíràn ni, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ìwé kíkọ, tó ń ta aṣọ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Mo fa fọ́tò ẹ̀yìn àwọn ìwé tó ní òun kọ tóbi lójú fóònù mi, mo sì rí i pé ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé mọ̀, kan náà ló wà lẹ́yìn ìwé méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, nítorí pé wọ́n lè fi tan ènìyàn jẹ. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà ló ń fún ìwé ní ISBN ní orílẹ̀-èdè wa. Láti ọdún 2007, nọ́ńbà 13 ló máa ń jẹ́, 978-978 ni a sì mọ èyí tó bá wá láti Nàìjíríà sí. Ẹ mú nọ́ńbà kejì, ìkẹrin, ìkẹfà, títí dé ìkejìlá, kí ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àpapọ̀ náà kò bá parí sí òdo, ayédèrú ni. Bí ó bá sì parí sí òdo, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé ìwé náà wà. Ẹ ṣì ní láti rí ìwé náà fúnra rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yín ṣí i.

Fọ́ọ̀mù tó ní kí a fọwọ́ sí burú ju owó lọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ẹ̀tọ́ lórí ìtàn wa ti di tirẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà, ìyẹn ti ọdún 2022, fi ẹ̀tọ́ lórí ìwé sọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò sì gbà kí òǹkọ̀wé gbé ẹ̀tọ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pátápátá láìsí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀. Ìwé tí a kọ sílẹ̀ yẹn gan-an ni ó ń wá lọ́dọ̀ wa. Mo dúpẹ́ pé n kò tíì fọwọ́ sí tèmi.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi lé yín sá fún ẹ̀kọ́ náà o. Mo ti rí olùkọ́ gidi kan lẹ́yìn náà, òǹkọ̀wé tí mo rí ìwé rẹ̀ rà lọ́jà kí n tó rí òun fúnra rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì jáde nígbà tí mo tẹ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbà mí láàyè láti jókòó sínú ẹ̀kọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó ka ìtàn mi, kò yìn mí. Ó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, èyí tó sọ̀rọ̀ nípa ìlù Ojúde Ọba, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ta ló ń gbọ́ ìlù yìí, ìyá àgbà ni àbí ẹ̀yin?" Ìbéèrè yẹn fi ibi tí ìtàn mi ti ń kú hàn mí. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí ẹ lè bá lọ, Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà tí a mọ̀ sí ANA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ Ògùn; ẹ béèrè lọ́dọ̀ wọn bóyá wọ́n mọ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní òǹkọ̀wé náà.

Bí ẹ bá ti san owó fún ọkùnrin yìí, ẹ sáré lọ sí báńkì yín lónìí, kí ẹ fẹjọ́ àkáǹtì tó gba owó náà sùn, nítorí pé bí ó bá ti pẹ́, wọn yóò ti kó owó náà jáde. Ẹ má ṣe bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp náà, ẹ má sì pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá yín sọ, ẹ tọ́jú àwọn ohùn tó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò wọn, àti rìsíìtì owó tí ẹ san. Àwa mẹ́rin ni a ti kó tiwa jọ báyìí, láti Ìjẹ̀bú-Òde, Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, a ó gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìjẹ̀bú-Òde, a ó sì kọ ìwé ẹ̀sùn sí àjọ EFCC. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní èsì tí bàbá ti ń sunkún ní pápákọ̀ òfurufú, kó jọ̀wọ́ fi kún tiwa kí ọjọ́ náà tó pé.