Wáìdìkáàdì àbí ìpegedé?

Bí àwa olólùfẹ́ tẹníìsì bá ti ń jiyàn lórí wáìdìkáàdì (àyè tí àwọn olùṣètò ìdíje ń fún ẹni tí ipò rẹ̀ kò tó láti wọlé), orúkọ Goran Ivanišević, agbátẹníìsì ọmọ Croatia, kì í pẹ́ jáde. Ipò 125 ló wà lágbàáyé ní 2001, kò lè wọ ìdíje Wimbledon ní England fúnra rẹ̀. Ó ti dé àṣekágbá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n fún un ní káàdì, ló bá na Pat Rafter ní àṣekágbá, 9-7 ní sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, ó gbé ife lọ.

Emma Raducanu, ọmọ ilẹ̀ Britain, ní tiẹ̀ gba ìpegedé (ìjà àkọ́kọ́ tí ẹni tí ipò rẹ̀ kò tó gbọ́dọ̀ borí kó tó wọlé) wọ US Open 2021. Ọmọ ọdún 18, ipò 150. Ó jà lẹ́ẹ̀mẹta kí ìdíje gan-an tó bẹ̀rẹ̀, ó tún fi méje lé e títí ó fi gbé ife, kò pàdánù sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo! (Wimbledon ti fún òun náà ní káàdì lọ́dún yẹn o.)

Ìpegedé ni tèmi. Káàdì sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọ onílé. Ọmọ ilẹ̀ tí kò ní ìdíje ńlá ń wòran. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí Goran lọ jìjà ìpegedé pẹ̀lú èjìká tó ń dùn ún yẹn, bóyá ni ì bá dé ibì kankan.